Òjìji Bàbá àti Omi Òkè-Àfá: Àlàyé Lórí Fíìmù Kan

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025 ni mo wọ ilé sinimá kan ní Ìkẹjà láti lọ wo fíìmù kan tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ti ń pariwo rẹ̀ sí mi létí. Orúkọ rẹ̀ ni My Father's Shadow, èyí tí a lè pè ní Òjìji Bàbá Mi. Nígbà tí a ń jáde, mo gbọ́ tí àwọn ọ̀dọ́ tí ó wà níwájú mi ń bi ara wọn pé, "Kí ni a wò yìí gan-an? Ṣé bàbá yẹn ti kú tẹ́lẹ̀ ni, àbí kò tíì kú?" Ìbéèrè yìí ni ó mú mi mú kálàmù. Mo gbà pé ẹni tí ó bá gbọ́ àṣà Yorùbá yékéyéké ní kọ́kọ́rọ́ fíìmù náà lọ́wọ́ ju àwọn òyìnbó tí wọ́n kọ́kọ́ yìn ín lọ. Mo tún ní ìdí mìíràn tí mo fi ń kọ ọ́, n óò sì sọ ọ́ bí ọ̀rọ̀ bá débẹ̀.

Akinola Davies ni ó darí fíìmù náà. Òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Wale Davies, ni wọ́n jọ kọ ìtàn rẹ̀. Bàbá wọn kú nígbà tí wọ́n kéré jọjọ: ẹ̀gbọ́n jẹ́ ọmọ ọdún 4, àbúrò kò tíì pé ọmọ ọdún 2. Oṣù karùn-ún ọdún 2025 ni wọ́n kọ́kọ́ fi fíìmù náà hàn ní Cannes ní ilẹ̀ Faransé, nínú ìsọ̀rí tí wọ́n ń pè ní Un Certain Regard. Òun ni fíìmù Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó wọ inú àṣàyàn gangan ti àjọ̀dún náà, wọ́n sì dárúkọ rẹ̀ ní àdáyanrí láàárín àwọn fíìmù tí ó jẹ́ àkọ́ṣe olùdarí. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàápàá fà á kalẹ̀ láti ṣojú rẹ̀ níbi ìdíje Oscar. Èyí tó o. Oyè kọ́ ni mo fẹ́ sọ.

Ìtàn náà kò gùn. Ọjọ́ kan péré ni. Àwọn ọmọkùnrin méjì, Rẹ̀mí àti Akin, wà nílé ní ìletò kan, ìyá wọn ti jáde. Wọ́n ń ṣeré, wọ́n ń bára wọn jà bí ọmọdé ti í ṣe nígbà tí kò bá sí àgbà nílé. Àfi bí wọ́n ṣe rí bàbá wọn, Fọlárìn, nínú ilé lójijì. Bàbá tí kì í gbélé ni. Èkó ni ó ti ń ṣiṣẹ́. Ó ní òun ń lọ gba owó oṣù tí wọ́n jẹ òun, ó sì mú àwọn ọmọ náà dání. Epo tán nínú bọ́ọ̀sì tí wọ́n wọ̀, nítorí ọ̀wọ́n epo, ọkọ̀ ẹlẹ́rù ni ó wá gbé wọn dé ìlú. Nígbà tí wọ́n dé ibi iṣẹ́, wọ́n ní kí ó dúró de ọ̀gá tí yóò wọṣẹ́ lálẹ́. Bí wọ́n ti ń dúró, bàbá ń mú àwọn ọmọ kiri ìgboro: ọgbà ìṣeré, etí òkun, ilé oúnjẹ, ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, ìròyìn dé pé ìjọba ológun ti fagi lé ìdìbò. Ìlú dàrú. Àwọn sójà dá wọn dúró lójú ọ̀nà. Ọ̀fọ̀ ni ó kẹ́yìn fíìmù náà.

Fún ẹ̀yin tí a kò tíì bí nígbà náà, ìdìbò ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 1993 ni à ń sọ, èyí tí Olóyè M.K.O. Abíọ́lá ti ẹgbẹ́ SDP fi ń ṣíwájú Alhaji Bashir Tofa ti ẹgbẹ́ NRC. Ọjọ́ 23 oṣù náà ni ìjọba Ọ̀gágun Babangida fagi lé e. Ọjọ́ 11 ló wà láàárín, ṣùgbọ́n fíìmù náà ká gbogbo rẹ̀ sí ọjọ́ kan ṣoṣo. Àwọn kan lè sọ pé àṣìṣe nìyí. Èmi kò rò bẹ́ẹ̀. Ọmọ ọdún 7 ni mí lọ́dún náà, ní Ìsọlọ̀, bí ẹ bá sì ní kí n ka ọjọ́ fún yín, n kò lè kà á. Ohun tí mo rántí ni èéfín táyà, ẹnu ọ̀nà tí wọ́n tì ní ọ̀sán gangan, àti bàbá mi tí ó gbé rédíò mọ́ etí tí kò sì dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Ìrántí ọmọdé kì í ní kàlẹ́ńdà. Ọjọ́ kan náà ni gbogbo rẹ̀ jẹ́.

Irú fíìmù báyìí, èyí tí ó dá lórí ọmọ tí ojú rẹ̀ ń là, ti pẹ́ láyé. Ní ọdún 1959, François Truffaut ará Faransé ṣe ọ̀kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Les Quatre Cents Coups. Ọmọkùnrin inú rẹ̀ sá títí ó fi dé etí òkun, níbẹ̀ ni àwòrán sì ti dúró. Èmi a máa pe irú rẹ̀ ní fíìmù ojú-ń-là, nítorí ìbàlágà tí a máa ń pè é kò gbé gbogbo ìtumọ̀ rẹ̀. Ìbàlágà jẹ́ ti ara. Ojú tí ó ń là jẹ́ ti pé ọmọ rí i lójijì pé bàbá òun kò ní owó, pé ẹ̀rù lè ba bàbá òun, pé ó lè kú. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ikú là lójú. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ ìdàgbà àti ọ̀rọ̀ ọ̀fọ̀ kì í fi í jìnnà síra wọn.

Ó wá kan ìbéèrè àwọn ọ̀dọ́ ọjọ́sí: ṣé ó ti kú tẹ́lẹ̀ ni?

Ẹ jẹ́ kí n rán yín létí àkúdàáyà. Ẹni tí ó kú kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé ni. Àwọn àgbà gbà pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í tíì rí ọ̀nà ọ̀run lọ. Yóò gba ìlú mìíràn lọ níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ ọ́n, yóò ṣòwò, yóò láya tàbí kí ó lọ́kọ, yóò bímọ, títí ọjọ́ tí a yàn fún un yóò fi pé. Ṣùgbọ́n bí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n nílé bá ṣèèṣì pàdé rẹ̀ lọ́jà, bí ojú bá ti pàdé ojú, yóò pòórá. A sì tún ń gbọ́ ti ẹni tí ó kú ní ọ̀nà jíjìn, tí ó yọ sí àwọn ará ilé rẹ̀ kí ìròyìn ikú náà tó dé. Yóò jókòó, yóò bá ọmọ ṣeré, yóò fún wọn ní nǹkan, yóò ní òun ń jáde lọ, òun ń bọ̀. Ẹ̀yìn èyí ni ẹni tí wọ́n rán wá yóò dé.

Ẹ wá padà wo Fọlárìn. Ìlú mìíràn ni ó ń gbé, ibẹ̀ ni ó ti ń ṣiṣẹ́. Ó dé láìròtẹ́lẹ̀; a kò rí ìgbà tí ó wọlé, a kàn bá a níbẹ̀ ni. Ẹ̀jẹ̀ ń jáde ní imú rẹ̀. Àwọn ẹyẹ ń rà bàbà lókè. Ó ń sáré bí ẹni tí ó ní iye wákàtí kan pàtó lọ́wọ́: ó fẹ́ kí àwọn ọmọ rí òkun, kí wọ́n mọ àwọn ọ̀rẹ́ òun, kí wọ́n gbọ́ ohun tí kò sọ fún wọn rí. Kò sí ẹnì kan nínú fíìmù náà tí ó dárúkọ àkúdàáyà. Èmi ni mo ka á bẹ́ẹ̀, ẹlòmíràn sì lè kà á bí àlá, tàbí bí ìtàn tí àwọn ọmọ hun nígbà tí wọ́n dàgbà tán. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ti pa ìtàn àkúdàáyà fún nílé kò ní jáde nínú sinimá kí ó máa bínú pé wọn kò là á yé òun. Ará ibẹ̀ ni ó jẹ́. Àwọn ọmọ méjì tí wọn kò mọ bàbá wọn dá bàbá kan, wọ́n fún un ní ọjọ́ kan, wọ́n sì jẹ́ kí ó bá wọn rìn nínú oòrùn. Iṣẹ́ tí fíìmù náà ń ṣe kò jù báyìí lọ.

Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ kí ẹ ṣàkíyèsí. Nínú ọ̀pọ̀ fíìmù Yorùbá, ọ̀fọ̀ ní ohùn. Ẹni tí ó ṣọ̀fọ̀ yóò ká ọwọ́ lérí, yóò yí nílẹ̀, orin arò yóò sì máa lọ lábẹ́lẹ̀. N kò bú èyí. Bẹ́ẹ̀ ni a ti í ṣọ̀fọ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ti àgbà ni. Kí ni a ń ṣe fún ọmọdé? A ń purọ́ fún un. "Bàbá rẹ rìnrìn àjò." "Màmá rẹ wà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n wọn." A óò kó ọmọ náà lọ sí ilé aládùúgbò títí tí wọn yóò fi sin òkú tán. Bẹ́ẹ̀, ọmọ ń wò wá. Ó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ó ń rí i pé ẹran pọ̀ nínú ìkòkò tí kò sì sí ẹni tí ń rẹ́rìn-ín. Àárín irọ́ àti ohun tí ojú ń rí yìí ni kámẹ́rà Davies jókòó sí, ní ìwọ̀n gíga ọmọ ọdún bíi 8 tàbí 11. Ìdí nìyí tí fíìmù náà fi ṣàjèjì sí àwọn tí ó fẹ́ kí ìtàn lọ tààrà.

Wọn kò fi kámẹ́rà òde òní yà á. Fíìmù gidi ni, oníbùú 16mm, ìdí nìyẹn tí àwọ̀ rẹ̀ fi dà bí ti àwọn fọ́tò inú álíbọ́ọ̀mù àwọn òbí wa. Sope Dirisu, tí a bí ní Lọ́ńdọ̀nù, ni ó ṣe bàbá. Ọmọ ìyá gidi ni àwọn ọmọ méjèèjì, Godwin Egbo àti Chibuike Marvellous Egbo, ìjà wọn sì hàn bí ìjà ọmọ ìyá lóòótọ́. Yíya Èkó ọdún 1993 lóde òní kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ẹ wo Òṣòdì nìkan. Òṣòdì tí mo mọ̀ ní kékeré, ojú irin ni ọjà, títì ni ọjà, abẹ́ afárá ni ọjà. Mòlúè kan lè lo wákàtí kan níbẹ̀ kí táyà rẹ̀ má yí lẹ́ẹ̀mẹwàá. Ní oṣù kìíní ọdún 2009, ìjọba Gómìnà Fáṣọlá wó o, wọ́n gbá gbogbo rẹ̀ mọ́. Ní ọdún 2019 wọ́n ṣí ibùdókọ̀ ńláńlá mẹ́ta síbẹ̀. Ọmọ tí ó bá gba ibẹ̀ kọjá lónìí yóò rò pé irọ́ ni à ń pa.

Àbùkù rẹ̀ ńkọ́? Ó ní i. Gẹ̀ẹ́sì pọ̀ jù lẹ́nu àwọn ọmọ náà. Ìyá kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí nínú ìtàn, bẹ́ẹ̀ òun ni yóò tọ́ àwọn ọmọ lẹ́yìn ohun gbogbo. Ọmọbìnrin kan tún wà nílé oúnjẹ tí a fura pé ohun kan wà láàárín òun àti Fọlárìn; wọ́n fi í hàn wá fìrí, wọ́n sì gbé e kúrò. Èmi ìbá fẹ́ mọ̀ bí òun náà yóò ti ṣọ̀fọ̀, àti ibi tí yóò jókòó sí.

Ibi tí mo ti ń bọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ni mo dé yìí.

Ní etí òkun, Fọlárìn sọ fún Rẹ̀mí pé orúkọ ọmọ ìyá òun kan tí omi gbé lọ ni ó ń jẹ́. Nígbà tí ó sọ ọ́, mo dìde nílé sinimá, mo sì tún jókòó. Ẹni tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi rò pé mo fẹ́ lọ sí ilé ìtọ̀.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 27 oṣù kìíní ọdún 2002, ní ìrọ̀lẹ́, iná ràn mọ́ ibi tí wọ́n kó ohun ìjà pamọ́ sí ní bárékè àwọn ọmọ ogun ní Ìkẹjà. Àdó olóró bẹ̀rẹ̀ sí í bú. Ilẹ̀ ń mì tìtì, fèrèsé ń fọ́, ojú ọ̀run pọ́n. Kò sí ẹni tí ó mọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀. Àwọn kan ní sójà fẹ́ gbàjọba ni, àwọn kan ní ayé ń parẹ́. Àwọn ènìyàn tú jáde nílé ní Ìkẹjà, ní Òṣòdì, ní Máfolúkù, wọ́n ń sá láìmọ ibi tí wọ́n ń lọ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn gba ọ̀nà Ìsọlọ̀. Ilẹ̀ ti ṣú. Kánààlì Òkè-Àfá wà níwájú, ewéko orí omi sì ti bò ó, ó dà bí ilẹ̀ pápá. Àwọn ará iwájú rì, àwọn ará ẹ̀yìn kò mọ̀, wọ́n ń tì wọ́n. Àwọn tí ó kú nínú àjálù ọjọ́ náà lé ní 1,000. Inú omi yẹn ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn kú sí, ọmọdé sì ni ọ̀pọ̀ wọn.

Ọmọ ọdún 16 ni mí. Kíláàsì SS2 ni mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ kan ní Ìsọlọ̀. Ọmọbìnrin kan wà nínú kíláàsì wa tí ó ń ti Máfolúkù wá. Bí a bá jáde, n óò sìn ín dé ibi tí yóò ti wọ ọkọ̀ Òṣòdì, lẹ́yìn náà n óò fi ẹsẹ̀ padà sílé wa. A kò sọ nǹkan kan fúnra wa rí. Ohun tí à ń ṣe ni pé à ń yá ara wa níwèé. Ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 25, ó yá mi ní Ó Le Kú, ìwé Akínwùmí Ìṣọ̀lá. Ó ti ká etí ewé ibi tí ó kà dé. Ó ní, "Dá a padà lọ́jọ́ Ajé o. Bí o bá kà á kọjá ibi tí mo dé, o ò gbọdọ̀ sọ ọ́ fún mi."

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ni a gbọ́ pé òun àti àbúrò rẹ̀ wà lára àwọn tí omi gbé. Àwa mẹ́ta lọ sí ilé wọn. Ìyá rẹ̀ wà lórí ẹní láàárín àwọn obìnrin. A kò débẹ̀. Bàbá àgbàlagbà kan dá wa dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wo àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ojú rẹ̀ sì dúró lára mi. Bóyá ó rí nǹkan. Ó ní, "Ìwọ ńkọ́, kí lo jẹ́ sí i?" Mo ní, "Kíláàsì kan náà ni wá, sà." Ó ní, "Ẹ ṣeun. Ọlọ́run á dá yín sí. Ẹ padà sílé kí ilẹ̀ tó ṣú."

Kì í ṣe pé ó ṣe ohun tí kò dára. Ó bi mí ní ìbéèrè tí àṣà wa máa ń bi ẹni tí ó bá wá kí ọlọ́fọ̀. Opó ní ẹní tirẹ̀, ó ní aṣọ tirẹ̀, ó ní iye ọjọ́ tí yóò fi jókòó. Òbí ọmọ kì í mọ sàréè ọmọ. Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ní ohun tí à ń fi kí wọn. Àfẹ́sọ́nà pàápàá ní àyè díẹ̀ bí a bá ti ṣe mọ̀mí-n-mọ̀-ọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún 16 tí ó ń sin ẹnì kan lọ sí ibùdókọ̀, kí ni a ń pè é? A kò ní ìkíni fún un.

Fíìmù wa náà kò ní i. Ẹ wo Ó Le Kú fúnra rẹ̀: ìwé tí ó jáde ní ọdún 1974, tí Túndé Kèlání fi ṣe fíìmù ní ọdún 1997, tí Yẹmí Ṣódìmú ṣe Àjàní nínú rẹ̀. Òun ni ìpìlẹ̀ bí a ti ń sọ̀rọ̀ ìfẹ́ ọ̀dọ́ nínú sinimá Yorùbá. Fíìmù náà sọ ìró àti bùbá kékeré di aṣọ ìgbàlódé padà, a sì ń pè é ní olékú títí di òní. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ tí ojú ìyá ti tó ni ìfẹ́ Àjàní. Ìyá rẹ̀ ti ń ké sí i létí pé kí ó mú ìyàwó wá kí ó tó jáde ní yunifásítì. Ọ̀nà ìgbéyàwó ni ìfẹ́ náà wà, ẹni gbogbo ló mọ̀ ọ́n. Èyí tí ó kú kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ pé ó wà, ta ni yóò fi ṣe fíìmù?

Ìdí nìyí tí mo fi ń rọ̀ yín kí ẹ wo Òjìji Bàbá Mi, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìtàn bàbá àti ọmọ ni. Ọ̀nà tí ó gbà ni kí ẹ kọ́. Bí ẹnì kan nínú yín bá fẹ́ kọ eré lórí Òkè-Àfá, mo bẹ̀ ẹ́, má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti orí àdó olóró. Bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ Ẹtì. Jẹ́ kí àwọn ọmọ jáde ilé ẹ̀kọ́, kí wọ́n ra gúgúrú, kí kọ̀ńdọ́kítọ̀ máa pe Òṣòdì, kí wọ́n máa jiyàn lórí ìwé. Fún òkú ní ọjọ́ kan. Àwọn tí ó ń wò ó yóò mọ ohun tí ó ń bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú. Àwọn ọmọ inú rẹ̀ kò ní mọ̀.

Wọ́n kọ́ ọwọ̀n ìrántí kan sí Òkè-Àfá, níbi tí wọ́n sin àwọn òkú náà sí papọ̀. Bàbá àgbà mi máa ń sọ pé ibi tí omi bá ti gbé ènìyàn ni a ń sin ín sí, a kì í gbé e wọlé. Ní ọjọ́ 27 oṣù kìíní, àwọn ìdílé a máa wá síbẹ̀. Mo ti lọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹ̀yìn ni mo máa ń dúró sí.

Ó ti di ọdún mélòó kan tí mo ti ń fi Ó Le Kú kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kejì. Ẹ̀dà mìíràn ni mo fi ń kọ́ wọn. Tirẹ̀ wà nínú àpótí lábẹ́ tábìlì mi. N kò ka ìyẹn kọjá ibi tí ó ká etí ewé sí, orúkọ rẹ̀ sì wà nínú èèpo iwájú, ó fi bírò búlúù kọ ọ́, ó sì fi rúlà fa ìlà méjì sábẹ́ rẹ̀.